Agbára Ní Ọjọ́ Ogbó: Ohun Tí Gbígbé Ẹrù Ń Ṣe Nínú Ẹran Iṣan Àgbàlagbà

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Bóyá ni a rí ẹnìkan láàárín wa tí kò ní baba, ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n kan tí ó jẹ́ pé, bí ó bá fẹ́ dìde lórí àga, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, yóò mí kanlẹ̀, yóò sì wò yí ká bóyá ọmọ kan wà nítòsí tí yóò fà á lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ogbó ti rí, àti pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Apá kan nínú èrò yìí jẹ́ òtítọ́. Apá kejì kì í ṣe òtítọ́, nítorí apá kejì yìí ni a sì ṣe pe àpéjọ yìí.

Àwọn baba wa sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe rere ni, a kò sì gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni a ti mú àṣà wa pé a kì í jẹ́ kí àgbà ṣe wàhálà. Bí ìyá bá na ọwọ́ sí korobá omi, ọmọ yóò sáré gbà á. Bí baba bá dìde láti gbé àga, ọmọ-ọmọ yóò ti gbé e. Ọlá ni a fi ń bù fún wọn, ẹni tí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, a ó ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí ṣe é pẹ̀lú. Nígbà tí ìyá tí ó bí wa lé ní 70 ọdún, a mú un kúrò ní abúlé wá sí ilé àlùfáà tí a ń gbé. A gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀, a gba ẹrù omi lórí rẹ̀, a gbé àga onítìmùtìmù sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún un, a sì wí pé, "Mámà, ẹ jókòó, ẹ sinmi, ẹ ti ṣe tiyín." Ó jókòó. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ìyá tí ń gún iyán fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́wàá kò fi lè dìde lórí àga náà mọ́ láìsí ẹni tí yóò gbé e. A rò pé ọjọ́ orí ni. A kò mọ̀ pé ọwọ́ àwa náà wà nínú rẹ̀. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí a tó parí.

Kí ni ẹran iṣan?

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣan, ni a ń lò fún ohun púpọ̀: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, okùn líle tí ó so ẹran mọ́ egungun, àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé àṣẹ ọpọlọ káàkiri ara. Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa dàrú, a ó pe èyí tí a ń sọ lónìí ní ẹran iṣan, èyíinì ni ẹran pupa tí ó bo egungun, tí ó máa ń sún kì nígbà tí a bá fẹ́ gbé apá tàbí ẹsẹ̀. Ó lé ní 600 nínú ara ènìyàn. Bí a bá sì wọn ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, ẹran yìí nìkan tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 gbogbo ìwọ̀n rẹ̀.

Bí a bá ń fi ọwọ́ ya ẹran sísè, a ó rí i pé fọ́nrán fọ́nrán ni ó ń ya. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni tiwa rí. Àwọn fọ́nrán wọ̀nyí sì pín sí irú méjì pàtàkì. Irú kìíní lọ́ra, kì í sì tètè rẹ̀ ẹ́: òun ni ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá dúró tàbí tí a bá ń rìn jẹ́jẹ́. Irú kejì yára, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́: òun ni a ń ké pè nígbà tí a bá gbé ẹrù wúwo, tí a bá fò, tàbí tí ẹsẹ̀ bá kọ̀ tí a sì gbọ́dọ̀ tètè gbá ara mú kí a má bàa ṣubú. Okùn àṣẹ kọ̀ọ̀kan tí ó ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn wá ní ọ̀wọ́ fọ́nrán tí ó ń darí, bí olórí ẹgbẹ́ ti ń darí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí olórí kò bá fọhùn, ẹgbẹ́ kò lè mira.

Ohun tí ọjọ́ orí ń mú lọ

Ní 1988, Jan Lexell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹran itan àwọn ọkùnrin 43 tí wọ́n ti kú, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 83. Wọ́n gé ẹran náà já, wọ́n sì ka fọ́nrán inú rẹ̀. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí ọmọ ọdún 25 ni ẹran itan ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà tí ènìyàn bá fi tó ẹni 50 ọdún, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ti lọ. Nígbà tí ó bá sì tó ẹni 80 ọdún, ohun tí ó ti lọ tó nǹkan bí ìdá 40. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Nítorí pé kò sí ọjọ́ kan tí a lè tọ́ka sí pé òní ni agbára wa lọ, a kì í mọ̀ títí yóò fi di ọjọ́ tí àkàbà ilé yóò dà bí òkè lójú wa.

Àdánù yìí ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni pé iye fọ́nrán dín kù. Àwọn orírun okùn àṣẹ inú ọ̀pá ẹ̀yìn a máa kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn fọ́nrán tí ó wà lábẹ́ wọn a sì di ọmọ òrukàn. Okùn àṣẹ tí ó wà nítòsí a máa gba díẹ̀ nínú wọn tọ́. Èyí tí kò bá rí alágbàtọ́ a rọ, a sì parẹ́. Ọ̀nà kejì ni pé àwọn fọ́nrán tí ó kù a máa tín-ín-rín, pàápàá àwọn ti irú kejì, àwọn tí ó yára. Ìdí nìyí tí àgbà fi lè rìn lọ sí ọjà kí ó sì padà, ṣùgbọ́n tí kò lè yára fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ó bá tẹ ohun tí ń yọ̀. A ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àgbà tí itan rẹ̀ ti di aláìlera kì í ráàyè wo ẹ̀yìn, nítorí egungun ìgbáròkó rẹ̀ ni yóò máa tọ́jú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹran iṣan ni àká tí ó tóbi jù lọ tí ara ń kó ṣúgà inú oúnjẹ sí. Bí àká bá kéré, ṣúgà yóò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà àtọ̀gbẹ a sì ṣí sílẹ̀.

Ní 1988 kan náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Irwin Rosenberg, dábàá orúkọ fún àdánù yìí. Ó ṣàkíyèsí pé ohun tí kò ní orúkọ, àwọn oníṣègùn kì í kà á sí. Orúkọ tí ó fún un ni sarcopenia, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì. Àwọn tí wọ́n ti ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì mọ èyí àkọ́kọ́ dáadáa: sarx, èyíinì ni ẹran ara. Èkejì, penia, túmọ̀ sí òṣì. Nítorí náà, òṣì ẹran ara ni. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé bí òṣì owó ti ń dé ni òun náà ń dé: bí a bá ń ná, tí a kò sì fi nǹkan kan kún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru ọjọ́ orí. Ní 2007, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ṣáṣá gbà láti dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn fún ọjọ́ 10 péré. Kí ọjọ́ 10 náà tó pé, ẹran tí ó lọ kúrò ní ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Kì í ṣe pé wọ́n dàgbà sí i ju ọjọ́ 10 lọ. Àìlo ẹsẹ̀ ni ó ṣe é. Ẹ fi èyí wé ìyá tí a fi jókòó sórí àga fún ọdún mẹ́ta.

Bí ẹrù ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀

Ní àkókò ogun àgbáyé kejì, dókítà ọ̀dọ́ kan wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Thomas DeLorme ni orúkọ rẹ̀, tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí orúnkún wọn ti bàjẹ́, ní ilé ìwòsàn ọmọ ogun kan ní Chicago. Àṣà ìgbà náà ni pé kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára máa gbé ohun fúyẹ́fúyẹ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. DeLorme, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti fi gbígbé irin wá ìlera lẹ́yìn àìsàn ìgbà èwe, ṣe òdìkejì. Ó wá ẹrù tí ọmọ ogun náà lè gbé ní ìgbà 10, tí kò sì lè gbé ní ìgbà kọkànlá. Bí agbára ti ń pọ̀ sí i, ó ń bù kún ẹrù náà. Ní 1945 ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ìpìlẹ̀ tí ó fi lélẹ̀ ni a ṣì ń kọ́ lé lórí títí di òní: kí ẹrù wúwo tó láti pe agbára jáde, kí ó sì máa pọ̀ sí i ní ìwọ̀n ìwọ̀n.

Èéṣe tí ẹrù fi gbọ́dọ̀ wúwo? Ìdí ni pé ara kì í fi agbára ṣòfò. Bí iṣẹ́ bá fúyẹ́, àwọn ọ̀wọ́ fọ́nrán kéékèèké tí ó lọ́ra ni a ń kọ́kọ́ pè. Ìgbà tí iṣẹ́ bá kọjá agbára wọn ni a tó ń ké sí àwọn ọ̀wọ́ ńlá tí ó yára. Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju rírìn jẹ́jẹ́ láti iyàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pe fọ́nrán irú kejì sí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ni ọjọ́ orí ń kọlù jù lọ. Ìrìn dára fún ọkàn àti èémí, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀; ṣùgbọ́n kò tó láti ṣe iṣẹ́ tí a ń sọ yìí.

Nígbà tí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù, ohun mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Èkínní, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, agbára rẹ̀ yóò pọ̀ sí i kí ẹran rẹ̀ tó tóbi, nítorí pé àwọn okùn àṣẹ ti rántí bí a ti ń ké pe ọ̀pọ̀ fọ́nrán lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì, lẹ́yìn ìgbé-ẹrù kọ̀ọ̀kan, àwọn fọ́nrán a máa kọ́ ara wọn ju bí wọ́n ti ń wó lọ, fún nǹkan bí ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, wọ́n a nípọn sí i. Ẹ̀kẹta, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan wà tí ó dùbúlẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ fọ́nrán bí ẹ̀ṣọ́ tí ń tòògbé lẹ́nu ọ̀nà. Alexander Mauro ni ó ṣàpèjúwe wọn ní 1961, nígbà tí ó fi awò alágbára wo ẹran iṣan àkèré. Bí ẹrù bá ti ṣẹ́ fọ́nrán níṣẹ̀ẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí a jí, wọ́n a bí sí i, wọ́n a sì darapọ̀ mọ́ fọ́nrán náà láti tún un ṣe. Nínú àgbàlagbà, wọn kì í pọ̀ tó ti ọ̀dọ́, wọn kì í sì tètè jí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pè wọ́n, wọ́n a dáhùn.

A kò fẹ́ tàn yín. Fọ́nrán tí ó ti kú kì í padà. Ilé tí ó ní òpó mẹ́wàá tí mẹ́ta ti wó, ẹrù kò lè gbé mẹ́ta náà dìde. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó sọ méje tí ó kù di òpó líle. Bẹ́ẹ̀ sì ni, òpó líle méje ju òpó jíjẹrà mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀rí láti Boston

Ẹnìkan lè wí pé èyí dára fún ẹni 60 ọdún. Ta ni yóò gbé ẹrù lé ẹni 90 ọdún lọ́wọ́? Ìbéèrè yìí gan-an ni dókítà obìnrin kan, Maria Fiatarone, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1990. Àwọn arúgbó 10 ni wọ́n lò, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 86 sí 96. Ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ ti ẹrù wúwo sókè lórí ìjókòó. Ẹni 9 ni ó bá a dé òpin. Agbára itan wọn pọ̀ sí i ní ìdá 174 nínú 100, èyíinì ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹran itan wọn sì tóbi sí i ní ìdá 9. Ẹni méjì nínú wọn sọ ọ̀pá ìtilẹ̀ nù. Nínú ẹni mẹ́ta tí kò lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara wọn, ẹnìkan di ẹni tí ń dá dìde.

Àwọn olùwádìí náà kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ní 1994 wọ́n tún tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde, lórí àwọn arúgbó 100 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 87. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan ń gbé ẹrù, àwọn kan ń mu ohun mímu aṣaralóore, àwọn kan ń ṣe méjèèjì, àwọn ìyókù kò sì ṣe ọ̀kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, agbára àwọn tí ó gbé ẹrù ti pọ̀ sí i ní ìdá 113 nínú 100, ìrìn wọn ti yára sí i, wọ́n sì ń gun àkàbà dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn tí ó kàn ń mu ohun mímu náà láìgbé ẹrù kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń ná owó lórí oògùn amáralágbára fún òbí wọn ro èyí dáadáa.

Ṣùgbọ́n èrè yìí ní ohun tí ó ń béèrè. Nígbà tí àwọn arúgbó ti 1990 dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìdá 32 nínú 100 agbára itan wọn ti lọ. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù tí ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ a máa jèrè rẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Copenhagen, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2024, fi hàn pé àwọn tí wọ́n gbé ẹrù wúwo fún ọdún kan gbáko ní àkókò ìfẹ̀yìntì wọn ṣì di agbára ẹsẹ̀ wọn mú ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí ti àwọn tí kò gbé e ti rẹ̀yìn.

Bí a ó ti ṣe é ní ilé

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà rẹ̀ ti 2020, ní kí gbogbo àgbàlagbà máa ṣe iṣẹ́ tí ń fún ẹran iṣan ní okun ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀, kí àwọn tí ó ti pé 65 ọdún sì máa fi ìdárayá tí ń mú ìdúróṣinṣin wá kún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Kò pọn dandan kí a ra irin olówó ńlá. Àga tí kò ní kẹ̀kẹ́, tí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, tó láti bẹ̀rẹ̀: kí a jókòó, kí a ká ọwọ́ lé àyà, kí a dìde, kí a tún jókòó jẹ́jẹ́. Kí a di ẹ̀yìn àga mú, kí a sì gbé gìgísẹ̀ sókè. Kí a dúró kọjú sí ògiri, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í. Kí a fi àpò iyanrìn kékeré so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kí a sì na ẹsẹ̀ lórí ìjókòó. Kí a fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí a là gbọọrọ kọ́ òpó, kí a máa fà á.

Ìwọ̀n ẹrù ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá lè ṣe ohun kan ní ìgbà 30 láìmí kanlẹ̀, ó ti fúyẹ́ jù. Kí a wá èyí tí a ó ṣe ní ìgbà 8 sí 12 tí a ó sì mọ̀ pé díẹ̀ ni ó kù nínú wa. Kí a sinmi ìṣẹ́jú méjì, kí a tún un ṣe. Kí a fi ọjọ́ kan sinmi kí a tó tún bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nígbà ìsinmi ni fọ́nrán ń kọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá di ìrọ̀rùn, kí a fi díẹ̀ kún un. Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ilé lásán: ẹni tí ó ń gbé korobá kan náà láti ogún ọdún ń pa agbára mọ́, ṣùgbọ́n kò fi kún un.

Kí a máa tú èémí jáde nígbà tí a bá ń gbé ẹrù, kí a má ṣe sé e mọ́ inú, nítorí pé sísé èémí a máa ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹni tí àyà ń dùn, tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wọlẹ̀, tí ó ní ìpá, tàbí tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ láìpẹ́, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ara ríro díẹ̀ ní ọjọ́ kejì kì í ṣe ohun ẹ̀rù. Ìrora gígún nínú oríkèé ni àmì pé kí a dáwọ́ dúró.

Bákan náà, a kì í fi ọwọ́ òfìfo kọ́ ilé. Ara àgbà kì í tètè lo oúnjẹ amúaradàgbà bí ti ọ̀dọ́, nítorí náà ó nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn onímọ̀ dámọ̀ràn gíráàmù 1 sí 1.2 lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara, èyíinì ni gíráàmù 60 sí 72 fún ẹni tí ó wọn kílò 60. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹran ni ibi tí a ti lè rí i. Àwo àmàlà ńlá tí ẹja inú ọbẹ̀ rẹ̀ kò tó ìka kan, tí a ń gbé fún àgbà ní alẹ́ àti òwúrọ̀, yóò mú inú rẹ̀ yó, ṣùgbọ́n kò ní kọ́ itan rẹ̀. Kìkì ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn ni kí ó gba ìmọ̀ràn dókítà kí ó tó fi kún irú oúnjẹ yìí.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ìyá wa kò mọ nǹkan kan nípa Boston. Ọmọbìnrin kan tí ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìdárayá ní ilé ìwòsàn ni ó wá gbé ìrọ̀rí méjì lé orí àga kan kí ó lè ga, tí ó sì wí fún un pé, "Mámà, ẹ ká ọwọ́ lé àyà, ẹ dìde." Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìgbà mẹ́ta ni ó lè ṣe é. Ó wojú wa, ó ní, "Ọmọ mi, èmi tí mo ti jó gbogbo ijó ayé, ijó àga ni ó wá kù?" Ṣùgbọ́n ó ṣe é. Nígbà tí ó di ìgbà mẹ́wàá, wọ́n yọ ìrọ̀rí kan; lẹ́yìn oṣù kan ó lé díẹ̀, wọ́n yọ èkejì. Ní oṣù kẹta, a ti ìta wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a bá àga ní òfìfo. Ìyá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi odó kékeré gún ata. Kò tún gún iyán fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́wàá mọ́, ọjọ́ orí sì ṣì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n títí ó fi kúrò láyé, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dìde lọ síbi tí ó bá wù ú. Ní ọjọ́ náà, ọwọ́ wa ti na láti gba ọmọ odó náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà, kí a tó rántí, a sì fà á padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa tọ́jú àwọn òbí yín. Kí òkété mu ọmú ọmọ rẹ̀. Ẹ gba ohun tí ó bá ju agbára wọn lọ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ fi èyí tí agbára wọn ká sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì dúró tì wọ́n bí wọ́n ti ń gbé e. Ẹ̀yin àgbà, bí a bá ní kí ẹ jókòó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ẹ jókòó. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde, kí ẹ tún jókòó, ní ìgbà mẹ́wàá.